Ṣé Kí A Gbé Ọkọ̀ Ẹgbẹ́ Ga Sí I?

Ẹni tí kò tíì jẹun, kí ó fara balẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa kò ní pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí. Bóyá ẹnì kan yóò wí pé, “Ìwé ni a wá kọ́, kí ni ti ọkọ̀?” Ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ ìwé náà ni. Ẹ ó rí i kí a tó parí.

Ní ọ̀pọ̀ abúlé tí a ti ń kọ́ni, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti dáwó jọ, wọ́n ti ra ọkọ̀ tó lè wọ ẹrẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi wá: ṣé kí a gbé ọkọ̀ yìí ga sí i, kí ẹrẹ̀ má baà dá a dúró mọ́? A ó sọ bí àwọn ará abúlé kan ṣe dá ìbéèrè náà lóhùn. Ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ wá fi wo tiyín.

BÍ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Abúlé náà wà lápá Ìdànrè, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, láàárín àwọn òkè àpáta àti oko kòkó. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni àwa tí a ń ṣètò ẹ̀kọ́ àgbà máa ń lọ síbẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibẹ̀ ní ọkọ̀ kan, Toyota Hilux àlòkù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fà. Ọkọ̀ yìí ló ń kó kòkó lọ sí ojú títì. Òun náà ló ń gbé aláìsàn. Òun náà ló ń gbé àwọn ìyá lọ sí ọjà. Kò sí òmíràn.

Ọ̀nà tó wọ abúlé náà kò ní ọ̀dà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku ni. Nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni. Taya ti gbẹ́ ipa méjì sí ojú ọ̀nà náà, ó jìn bí poro. Àárín ipa méjèèjì sì ga bí ebè.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, wọ́n gbé ìyá kan tó ń rọbí sínú ọkọ̀ náà. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí ikùn ọkọ̀ fi jókòó lé ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń yí lásán. Àwọn ọkùnrin tì í títí, kò lọ. Nígbẹ̀yìn, wọ́n tẹ́ ìyá náà sórí pákó, wọ́n ru ú kọjá ẹrẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n sì gbé e sórí ọ̀kadà ní òdì kejì. Ọlọ́run ṣe é, tìyá tọmọ wà láàyè. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí òjò bá ti ṣú, ọkàn gbogbo ará abúlé kì í balẹ̀ mọ́.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀dọ́ dìde. Wọ́n ní, “Kí a gbé ọkọ̀ yìí ga! A ti rí irú rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ó ga fíofío, ẹrẹ̀ kò lè dé ikùn rẹ̀.” Wọ́n ti lọ bá mẹkáníìkì kan, ó sì ti kọ iye owó àwọn irin tí a fi ń gbé ọkọ̀ ga sílẹ̀ fún wọn. Lift kit ni àwọn ọmọ mẹkáníìkì ń pè é. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, irin ìgbéga ni a ó máa pè é.

Akápò ẹgbẹ́ ní owó náà yóò gbá gbogbo ohun tí wọ́n ti fi pamọ́ láti ọdún mẹ́ta. Ìyá àgbà kan sì béèrè láti ẹ̀yìn pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá gbé e ga tán, báwo ni èmi ó ṣe gùn ún?” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè ìyá yìí sọ́kàn. A ó padà sórí rẹ̀.

Wọ́n ní kí àwa olùkọ́ dá sí i. Ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ló kọ́kọ́ wọ̀ wá létí. Ó kù díẹ̀ kí a ní kí wọ́n san owó náà. Ohun tó dá wa dúró ni ọkọ̀ kan tí a rántí. Nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a rí jíìpù kan tí wọ́n gbé ga ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ẹrẹ̀ kò mú un rí. Ṣùgbọ́n ní kọ́nà kan báyìí, lójú ọ̀nà gbígbẹ, ní ọ̀sán gangan, ó dojú dé. Apá dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kán. Nítorí náà a sọ fún ẹgbẹ́ pé, “Ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀ kankan. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.”

KÍ NI GBÍGBÉ ỌKỌ̀ GA?

Kí a tó ra ohun kan, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí a ka ọkọ̀ láti ilẹ̀ lọ sókè, bí a ṣe ń ka lẹ́tà.

Taya ló kan ilẹ̀. Irin ẹsẹ̀ ló so taya òsì mọ́ taya ọ̀tún. Sípíríǹgì jókòó lé irin ẹsẹ̀. Ṣáàsì, èyí tí í ṣe egungun ọkọ̀, jókòó lé sípíríǹgì. Bọ́dì, níbi tí ènìyàn àti ẹrù wà, jókòó lé ṣáàsì. Ẹ tún un kà: taya, irin ẹsẹ̀, sípíríǹgì, ṣáàsì, bọ́dì.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà gbé e ga.

Èkínní, a lè ki nǹkan bọ àárín bọ́dì àti ṣáàsì. Bọ́dì nìkan ló gòkè. Gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Èkejì, a lè fi sípíríǹgì tó ga sí i, tàbí kí a ki irin bọ ibi tí sípíríǹgì jókòó sí. Ṣáàsì àti bọ́dì gòkè. Irin ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gòkè.

Ẹ̀kẹta, a lè fi taya tó tóbi jù sí i. Èyí gbé gbogbo ọkọ̀ sókè pẹ̀lú irin ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ni èrè rẹ̀. Bí taya tuntun bá fi sẹ̀ǹtímítà 7 ga ju ti àtijọ́ lọ, sẹ̀ǹtímítà 3 àti ààbọ̀ péré ni ọkọ̀ yóò fi gòkè.

Ẹ wo abẹ́ irú ọkọ̀ báyìí láti ẹ̀yìn. Ẹ ó rí irin kan tó yọ ikùn bí ìkòkò kékeré láàárín taya méjèèjì. Dífárẹ́ǹṣà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Inú rẹ̀ ni agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà dé ọ̀dọ̀ taya. Lórí irin ẹsẹ̀ ni ìkòkò irin yìí wà. Nítorí náà, bí a bá gbé sípíríǹgì ga, ìkòkò irin yìí kò gòkè rárá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fàlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti náwó láìmọ̀ ọ́n.

Ọkọ̀ tó ga kì í ṣe ohun àná. Ní 1941 ni àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gba jíìpù tiwọn. Ní 1948 ni àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé Land Rover jáde. Àwọn tó ń ṣe irú ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń wọn gíga rẹ̀ mọ́ ìbú rẹ̀ àti mọ́ ẹrù tí yóò rù. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yí ìwọ̀n náà padà, àfi kí òun náà wọ̀n ọ́n.

A MÚ RÚLÀ, A MÚ ÌWÉ

A yan méjì nínú àwọn ọmọ kíláàsì wa, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Wọn kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé. A fún wọn ní rúlà, pẹ́ńsùlù àti ìwé kékeré. A ní kí wọ́n máa bá dẹ́rẹ́bà lọ. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá há, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wo ohun tó fa á, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n wò ó fúnra wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Òjò rọ̀ dáadáa. Wọ́n mú ìwé wọn wá sí ìpàdé, obìnrin náà sì dìde, ó kà á sétí gbogbo ènìyàn. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ ń gbọ̀n, ó wá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó kà nìyí:

Ọkọ̀ há ní ìgbà 9.
Taya yọ̀, ọkọ̀ kò lọ: ìgbà 5.
Ìkòkò irin ẹ̀yìn jókòó lé ebè àárín ọ̀nà: ìgbà 3.
Òkúta gbá abẹ́ bọ́dì: ìgbà 1.

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀dọ́ kan wá béèrè pé, “Nínú mẹ́sàn-án yìí, mélòó ni irin ìgbéga máa wò sàn?” Ẹ̀yin náà, ẹ ṣírò ó. Ẹyọ kan ni. Èyí tí òkúta gbá bọ́dì nìkan.

Ìgbà 5 tí taya yọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gíga. Taya ti dán bí orí apárí. Wọ́n sì tún kọ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò fura sí: nígbà tí ọkọ̀ há, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń yí. Ẹsẹ̀ iwájú kò fà rárá. Dẹ́rẹ́bà jẹ́wọ́ pé ó ti bàjẹ́ tipẹ́, òun rò pé kò ṣe pàtàkì. Ẹ ò rí i? Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni a rà, ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni a ń gùn.

Ní ti ìgbà 3 tí ìkòkò irin jókòó lé ebè, wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Láti ilẹ̀ dé ìkòkò irin jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 21. Ebè àárín ọ̀nà ga ní sẹ̀ǹtímítà 24. Irin ìgbéga tí mẹkáníìkì fẹ́ tà yóò fi sẹ̀ǹtímítà 5 gbé bọ́dì sókè, ṣùgbọ́n ìkòkò irin yóò ṣì wà ní 21. Ohun tó mú ìyá aboyún yẹn lóru nìyẹn. Ohun tí gbogbo wa ń pè ní ikùn ọkọ̀, ìkòkò irin yìí ni. Bí ó bá jẹ́ pé a ti gbé ọkọ̀ ga ṣáájú alẹ́ ọjọ́ náà, ibẹ̀ náà ni ì bá há sí.

ODÓ ÀTI ỌMỌ ODÓ

Ẹnì kan wí pé, “Bí kò bá ṣàǹfààní púpọ̀, kò ní pa wá lára.” A ní kò rí bẹ́ẹ̀. Gbígbé ọkọ̀ ga ní ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ wo odó. Ó kúrú, ìdí rẹ̀ fẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá fara gbún un, kì í ṣubú. Ẹ wá gbé ọmọ odó dúró lórí ìdí rẹ̀. Bí adìyẹ bá fi ìyẹ́ kàn án, ó dilẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kí ó dà bí odó, bí a bá gbé e ga sókè láìfẹ ìdí rẹ̀, à ń sọ ọ́ di ọmọ odó nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣírò ó. Ká sọ pé láti taya òsì dé taya ọ̀tún jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 150. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 75. Ká tún sọ pé ọ̀gangan ibi tí ìwúwo ọkọ̀ kó jọ sí fi sẹ̀ǹtímítà 70 ga sí ilẹ̀. 75 ju 70 lọ. Ó dára. Bí a bá gbé e ga ní 5, 70 di 75. Ìdajì ìbú rẹ̀ kò ju gíga rẹ̀ lọ mọ́. Bí a bá wá di àpò kòkó gogoro lé e, gíga yẹn tún lè di 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí gíga bá ṣe ń ju ìdajì ìbú lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe ń yá láti ṣubú ní kọ́nà tàbí ní ẹ̀gbẹ́ òkè. Abúlé tí a ń wí yìí, òkè ló yí i ká.

Àwọn nǹkan mìíràn tún wà. Rọ́bà tí òróró búrékì ń gbà lọ sí taya lè kúrú jù, kí ó sì já. Ọ̀pá irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn yóò dagun ju bó ṣe yẹ lọ, ojúkòó rẹ̀ yóò sì tètè jẹ. Àwọn oríkèé ẹsẹ̀ iwájú náà yóò tètè jẹ. Iná iwájú yóò máa tàn sí ojú ẹni tó ń bọ̀.

Bí ó bá jẹ́ taya ńlá ni, aago tó ń ka eré yóò máa parọ́. Ká sọ pé taya àtijọ́ ga ní sẹ̀ǹtímítà 70, tuntun ga ní 77. Ìdá mẹ́wàá kan ló fi lé. Nígbà tí aago bá wí pé 80, 88 ni à ń sá. Taya tó wúwo jù yóò mu epo sí i, búrékì yóò sì ṣiṣẹ́ jù kí ó tó dúró.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sórí ìbéèrè ìyá àgbà. Báwo ni òun yóò ṣe gùn ún? Ìyá náà ti ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ. Nígbà tí a wọn ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí a tó wọ ọkọ̀, ó ti ga dé orúnkún rẹ̀ ná. Àwọn ìyá tó gbé ọmọ pọ̀n ńkọ́? Ẹni tó ń rọbí ńkọ́? Àwọn tó ń gbé kòkó sẹ́yìn ọkọ̀ ńkọ́? Àpò kòkó kan wúwo ní kílò 62 àti ààbọ̀. Gbogbo sẹ̀ǹtímítà tí a bá fi kún gíga ọkọ̀, àyà ènìyàn ni yóò san án, ní orí àpò kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè tí a fi rẹ́rìn-ín ni ó jinlẹ̀ jù lọ nínú ìpàdé ọjọ́ náà. A bẹ ìyá, ó sì dárí jì wá.

ẸRÙ TÍ À Ń DÌ

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò dùn mọ́ wa nínú. Ọkọ̀ náà ti kúrú ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Kí ló fà á? Àwa fúnra wa ni.

Àpò kòkó 16 ló jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, èyíinì ni kílò 1,000. Irú ọkọ̀ yìí kò yẹ kí ó rù ju nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan lọ, ìwúwo àwọn tó jókòó nínú rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí a wo ìwé akọ̀wé ẹgbẹ́, àpò 25 ni wọ́n ń dì lẹ́ẹ̀kan. 25 lọ́nà 62 àti ààbọ̀ jẹ́ kílò 1,562 àti ààbọ̀. Ọkọ̀ náà ń ru ẹrù ọkọ̀ kan àti ààbọ̀. Sípíríǹgì rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ewé irin méjì nínú rẹ̀ sì ti kán. Mẹkáníìkì mìíràn tí a pè wò ó, ó ní bí a bá fi sípíríǹgì tuntun tó bá a mu sí i, ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò gòkè padà sí ibi tí wọ́n fi í sí nígbà tó jẹ́ tuntun, láìsí irin ìgbéga kankan.

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tí a di ẹrù pa tó wá tẹ̀, a kì í ra bàtà gogoro fún un. A máa ń sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ni.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ ṢE

Wọ́n dìbò. Àwọn ọ̀dọ́ tó mú ọ̀rọ̀ náà wá ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé kí a má ra irin ìgbéga. A yìn wọ́n. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn yí èrò padà nígbà tó ti ka òótọ́.

Owó tí wọn ì bá fi ra irin ìgbéga, wọ́n fi ra sípíríǹgì tuntun, wọ́n tún ẹsẹ̀ iwájú ṣe kí ó lè máa fà, wọ́n sì ra taya mẹ́rin tó ní eyín fún ẹrẹ̀, ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀. Owó kù, akápò gbé e padà.

Wọ́n ṣe òfin, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀: ÀPÒ 12, KÒ GBỌDỌ̀ JÙ BẸ́Ẹ̀ LỌ. Àpò 12 jẹ́ kílò 750. Ìyókù wà fún dẹ́rẹ́bà àti àwọn tó bá wọ̀ ọ́. Ẹni tí kò mọ̀wé tẹ́lẹ̀ ti lè kà á báyìí. Kò sí ẹni tí yóò wí pé òun kò mọ̀.

Wọ́n fi ṣọ́bìrì, okùn tó nípọn, pákó méjì àti ẹ̀rọ tí a fi ń fẹ́ taya sínú ọkọ̀. Kí dẹ́rẹ́bà tó wọ ibi tó rọ̀, yóò ti mú kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa fà. Kì í dúró dìgbà tó bá há. Bí ibẹ̀ bá rọ̀ jù, yóò jò díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ taya kí taya lè tẹ́, kí ó sì di ilẹ̀ mú. Bí ó bá ti dé ojú ilẹ̀ líle, yóò tún un fẹ́ kí ó tó sáré.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ṣe ọ̀wẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé mẹ́ta. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n fi ọkọ́ gé ebè àárín ọ̀nà, wọ́n kó erùpẹ̀ rẹ̀ sínú poro taya, wọ́n fi òkúta tẹ́ ibi mẹ́ta tó burú jù, wọ́n sì la ojú omi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí òjò má baà dúró. Nígbà tí wọ́n tún wọn ebè náà, ó ti di sẹ̀ǹtímítà 10. Ìkòkò irin wà ní 21. Ọkọ̀ ń kọjá láìfara kàn án.

Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ náà parí, a kọ gbólóhùn kan sí ojú pátákó ní kíláàsì: Ọkọ́ ló gbé ọkọ̀ ga. Ẹ wo àmì orí rẹ̀ dáadáa. Ọkọ́ àkọ́kọ́, tí àmì rẹ̀ ń gòkè, ni a fi ń ro oko. Ọkọ̀ kejì, tí àmì rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ni à ń wọ̀. Lẹ́tà kan náà ni méjèèjì. Ẹni tí kò bá wo àmì kò ní mọ èwo ló gbé èwo.

Òjò ọdún yìí ti ń rọ̀ láti oṣù kẹrin. Wọ́n ṣì ń kọ ìwé wọn. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìgbà 2 ni ọkọ̀ tíì há, pákó àti okùn ló sì yọ ọ́. Odò kékeré kan ṣì wà tó máa ń kún lẹ́yìn òjò ńlá. Wọn kò tíì rí ọgbọ́n dá sí i ju pé kí wọ́n dúró kí ó fà. Gíga ọkọ̀ kò sọ omi tó ń ṣàn di ohun tí a lè fojú di. Wọ́n ń kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ nítorí afárá. Ọmọ kíláàsì wa ló kọ lẹ́tà náà.

ÌBÉÈRÈ MÁRÙN-ÚN

A kò wí pé irin ìgbéga burú. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ kìkì àpáta, tí abẹ́ bọ́dì ọkọ̀ rẹ̀ ń gbá òkúta ṣáá, tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, tí taya rẹ̀ dára, lè rí èrè níbẹ̀. Kí ó gbé e ga ní ìwọ̀nba. Kí ó ra ohun gbogbo tó bá a rìn pọ̀, kí ó má ki igi tàbí irin jákujàku bọ̀ ọ́. Kí mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ yẹ búrékì, ìtọ́kọ̀ àti iná rẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Bí ọkọ̀ náà bá ní ìbánigbófò, kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ wọn kí ó tó fọwọ́ kàn án. Kí ó sì máa rọra wa ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni tó san owó, kí ó mú ìwé, kí ó kọ ìdáhùn sí ìbéèrè márùn-ún yìí:

1. Kí ni ó ń kan ilẹ̀ gan-an? Ṣé mo ti wọ́lẹ̀ wò ó, àbí wọ́n kàn sọ fún mi ni?
2. Ṣé ohun tí mo fẹ́ rà yóò gbé ohun náà gòkè?
3. Ṣé taya, sípíríǹgì àti ẹsẹ̀ iwájú tí mo ní ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ?
4. Àpò mélòó ni mò ń dì?
5. Ta ni yóò gùn ún, ta ni yóò sì wà nínú rẹ̀ bí ó bá ṣubú?

Ẹ rí i pé ẹni tí kò lè kọ̀wé lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ ni ìpàdé kò lè fi ariwo borí. Ọ̀dọ́ pariwo, àgbà pariwo, mẹkáníìkì pariwo. Ìwé kékeré kan, kọ́bọ̀ mélòó kan ni a fi rà á, ló parí ọ̀rọ̀.

Ọmọ tí wọ́n ru ìyá rẹ̀ kọjá ẹrẹ̀ lóru ọjọ́ náà ti ń gbá ilẹ̀ mú dìde. Ìyá rẹ̀ wà ní kíláàsì wa báyìí, ó ti dé orí ìwé kejì. Nígbà tó ń gbé ọmọ náà lọ gba abẹ́rẹ́ lóṣù tó kọjá, ọkọ̀ ẹgbẹ́ ló wọ̀. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ìyá àgbà ló jókòó tì í. Òun fúnra rẹ̀ ló gun ọkọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbé e.

Ní ọ̀la, kí olúkúlùkù wo ohun kan tó ń dà á láàmú ní ilé tàbí lóko, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó kà á, kí ó sì kọ ìlà mẹ́ta nípa rẹ̀. A ó gbọ́ ọ ní ọjọ́ kíláàsì wa. Ilẹ̀ á mọ́ bá wa o.